Ọjọ́ Tí Kò Sí Ohùn ní Àkùrọ̀

Kí oòrùn tó yọ ni Sìmíátù máa ń gun pẹpẹ. Ọparun ló fi ṣe ẹsẹ̀ rẹ̀, ó fi pákó tó ṣẹ́kù nínú irinṣẹ́ bíríkìlà ọkọ rẹ̀ tẹ́ ẹ lórí, ó sì fi imọ̀ ọ̀pẹ bò ó nítorí oòrùn ọ̀sán. Láti orí rẹ̀ ló ti ń wo àkùrọ̀ tó wà lẹ́yìn Ìgbẹ́mọ, níbi tí ìrẹsì ti tẹ́ lọ bí ẹní títí dé ẹsẹ̀ igbó.

Bí ìrẹsì bá ti yọ ṣírí, tí omi funfun bíi wàrà bá ti wà nínú ọmọ rẹ̀, ẹyẹ ẹ̀ga kò tún ní oúnjẹ mìíràn tó wù ú. Wọn a dé ní kùtùkùtù, wọn a tún dé nírọ̀lẹ́, bí òjò tó ṣú. Ẹyẹ kan kò lè ba oko jẹ́, ṣùgbọ́n ẹ̀ga kì í dá rìn. Ibi tí wọ́n bá bà lé, kí ènìyàn tó jẹ ẹ̀kọ kan tán, koríko àti èèpo ni wọn yóò fi sílẹ̀. Nítorí náà, láti ìgbà tí ìrẹsì bá ti yọ ọmọ títí di ìgbà tí wọ́n á fi dòjé sí i, ariwo ni iṣẹ́ àgbẹ̀ ìrẹsì. Wọ́n ń so agolo mọ́ okùn, wọ́n ń ta téèpù kásẹ́ẹ̀tì àtijọ́ láti igi dé igi kí afẹ́fẹ́ lè máa mú un dún, wọ́n sì ń fi kànnàkànnà sọ òkúta. Gbogbo rẹ̀ ló wúlò. Síbẹ̀, ohùn ènìyàn ni ẹyẹ bẹ̀rù jù.

Àwọn mẹ́ta ni oko wọn pààlà ní apá ibẹ̀. Sìmíátù wà láàárín. Ní ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ni Tíṣà Ayọ̀rìndé wà, bàbá arúgbó kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, tó sì jẹ́ alàgbà ní ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀. Ní ọwọ́ òsì, lẹ́bàá ọ̀nà ọ̀kadà, ni Monínúọlá wà, ọmọbìnrin Ìgbẹ́mọ tí ọmọ kan wà lẹ́yìn rẹ̀, tí bàbá ọmọ náà kò sì sí nítòsí. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní àdéhùn kan tí ẹnikẹ́ni kò kọ sílẹ̀, nítorí pé àwọn tó dá oko níbẹ̀ ṣáájú wọn ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Bí ọ̀kan kò bá ní wá lọ́la, ní ìrọ̀lẹ́ òní ni yóò ti sọ fún àwọn alábàáààlà rẹ̀. Àwọn náà yóò máa pariwo kọjá ààlà tiwọn, wọn yóò máa fa okùn agolo rẹ̀ mọ́ tiwọn. Ohun tí wọ́n ń pe èyí ni kí a fohùn bo ènìyàn. Ẹni tí wọ́n bá fohùn bò lónìí, yóò fohùn bo ẹlòmíràn lọ́la.

Wọn kò bí Sìmíátù sí ìdí ìrẹsì. Ọmọ Adó ni. Ìyá rẹ̀ ta ẹ̀wà àti gààrí ní Ọjà Ọba, òun náà sì jókòó sí ìsọ̀ yẹn láti kékeré títí ó fi jogún rẹ̀. Jùbrílù, bíríkìlà tó máa ń wá ra gààrí lọ́sàn-án, ló fẹ́ ẹ. Wọn kò lówó, ṣùgbọ́n wọn kò tọrọ jẹ. Ọmọbìnrin kan tó dúró fún wọn ni Nafeesah. Ìgbà tí ó ń parí ilé ẹ̀kọ́ girama ni kíndìnrín Jùbrílù bẹ̀rẹ̀ sí í dá iṣẹ́ sílẹ̀.

Olè kò jí ọjà Sìmíátù, iná kò sì jó o. Àìsàn ló jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Lónìí àpò ẹ̀wà kan, lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ àwo gààrí, títí ó fi jẹ́ pé òun àti àpótí ìjókòó rẹ̀ nìkan ló kù nínú ìsọ̀. Ní gbogbo àkókò yẹn, ó jókòó sí ẹnu ọ̀nà àwọn ènìyàn tí wọ́n ní ó lè ràn án lọ́wọ́, àwọn tó wà nínú ìjọba àti àwọn tó mọ ẹni tó wà nínú ìjọba. Wọ́n ń sọ fún un pé ọ̀gá ń bọ̀. Nígbà mìíràn ọ̀gá máa ń dé, á gba ẹnu ọ̀nà mìíràn wọlé. Nígbà tí Jùbrílù kú, wọ́n sin ín kí oòrùn tó wọ̀, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀sìn wọn, ní ọjọ́ kejì sì ni Sìmíátù rí i pé òun kò ní nǹkan kan mọ́ tí òun lè tà.

Ẹbí Jùbrílù kan ló fún un ní àkùrọ̀ ní Ìgbẹ́mọ pé kó máa dá a. Ó fi ìsọ̀ sí ọwọ́ Morẹ́nikẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó fi Nafeesah sí ìdí iṣẹ́ aṣọ rírán ní Adó, ó sì lọ kọ́ bí a ṣe ń gbin ìrẹsì ní ọjọ́ orí tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń gbé ọmọ ọmọ. Omi gbé ti ọdún àkọ́kọ́ lọ. Ti ọdún kejì kò ju ohun tí wọ́n jẹ àti èyí tí wọ́n fi ṣe irúgbìn. Ti ọdún kẹta yìí ló dára. Òjò rọ̀ nígbà tó yẹ, ó sì dá nígbà tó yẹ, ṣírí ìrẹsì wúwo débi pé gbogbo oko tẹrí ba. Ní àkókò yẹn gan-an ni Morẹ́nikẹ́ pè é lórí fóònù.

"Ìyá Nafeesah, mò ń lọ bá ọmọ mi ní Àbújá lẹ́yìn ìkórè. Ìsọ̀ rẹ ṣì ń dúró dè ọ́. Ṣùgbọ́n bí o kò bá ní ẹrù tí wàá kó síbẹ̀, wọn ò ní jẹ́ kó ṣófo. O mọ̀ wọ́n."

"Mo ní ìrẹsì," ni Sìmíátù wí.

"Kó o wá, kó o wá tà á fúnra rẹ. Ó ti tó kí alágbàtà máa jẹ èrè ìrẹsì Ìgbẹ́mọ."

Láti ọjọ́ náà, nígbà tí Sìmíátù bá ń pariwo lórí pẹpẹ, ohun tó ń wò kì í ṣe ìrẹsì. Ìsọ̀ ìyá rẹ̀ ló ń wò.

Ọ̀rọ̀ àwọ̀n bẹ̀rẹ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan tí ìrì ṣì pọ̀ lórí ewé. Monínúọlá ló gbé e wá. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò ní láti súnmọ́ ara wọn kí wọ́n tó sọ̀rọ̀. Ohùn tí wọ́n fi ń lé ẹyẹ náà ni wọ́n fi ń tàkúrọ̀sọ.

"Tíṣà, ẹ gbọ́ rédíò?"

"Hóò, hóò, háà. Rédíò wo? Ẹ̀ga ni mò ń gbọ́."

"Ìjọba fẹ́ pín àwọ̀n fún àwọn àgbẹ̀ ìrẹsì. Ẹ ó ta á bo oko yín, ẹyẹ ò ní lè wọlé. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹsẹ̀ ara rẹ̀ dé Adó ló máa gbà á. Lọ́jọ́bọ̀."

"Ìjọba tí kò mọ orúkọ rẹ ló fẹ́ wá fi àwọ̀n bò ọ́ bí ẹja?"

"Ẹ̀tọ́ wa ni, Tíṣà. Wọ́n gba ìbò wa."

"Ìbò lo fún wọn, o ò ní kí wọ́n wá bá ọ roko. Hóò, háà. Monínúọlá, gbọ́ mi. Mo kọ́ àwọn ọmọ ìlú yìí títí irun mi fi funfun. Èyí tó gbójú lé ìjọba nínú wọn, ojú kan náà ló ṣì wà. Èyí tó gbójú lé apá rẹ̀ ló kọ́lé."

Monínúọlá fa okùn agolo rẹ̀ dáadáa, ó sì dúró kí ariwo rẹ̀ lọ sílẹ̀.

"Nígbà tẹ́ ẹ fi ń kọ́ wọn, ta ló ń san owó oṣù yín, Tíṣà? Ṣé ẹ̀ga ni?"

Sìmíátù rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó lórí pákó. Tíṣà fa okùn agolo tirẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ní, "Iṣẹ́ ni mo ṣe fún owó náà."

"Èmi náà ń ṣe uṣẹ́," ni Monínúọlá wí ní ohùn Ìgbẹ́mọ, "n kò jókòó sí ulé. Ìyá Nafeesah, ẹ dá sí i. Ta ló jẹ̀bi nínú wa?"

Sìmíátù ronú kan ẹnu ọ̀nà àwọn ọ̀gá tí òun ti jókòó sí nígbà àìsàn Jùbrílù. "Ọwọ́ mi ni mo mọ̀," ló wí. "Ọwọ́ mi kò tíì ní kí n máa bọ̀ lọ́la."

Tíṣà yọ̀. "Gbọ́ ọ̀rọ̀ àgbà," ló ké sí Monínúọlá. Láti òwúrọ̀ yẹn, gbogbo àkùrọ̀ gbà pé Tíṣà àti Sìmíátù kò ní lọ.

Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú, Monínúọlá dúró lójú ààlà pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn rẹ̀. "Mò ń lọ sí Adó lọ́la o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fohùn bo oko mi."

"Máa lọ," ni Tíṣà dáhùn. "Bí wọ́n bá fún ọ ní àwọ̀n, kó o fi pa ẹja wá fún wa."

"A ó fohùn bò ọ́," ni Sìmíátù wí, ohun tó sì wà lọ́kàn rẹ̀ gan-an nìyẹn nígbà tó sọ ọ́.

Lẹ́yìn ìrun ìṣà ní alẹ́ ọjọ́ náà ni Nafeesah pè. Òun náà ti gbọ́ ìkéde náà. "Ìyá mi, ẹ wá gba àwọ̀n yìí. Ẹ gbọ́ ohùn yín bí? Ó ti há. Bí ẹ bá ń pariwo báyìí títí di ìkórè, kí lẹ máa fi pe oníbàárà ní Ọjà Ọba?"

"Ta ló máa wà lóko?"

"Ṣé ẹ̀yin nìkan lẹ wà níbẹ̀ ni?"

Sìmíátù kí i pé ó dàárọ̀. Ó dùbúlẹ̀, ó sì ń rò ó. Tíṣà máa wà níbẹ̀. Bí ilẹ̀ bá ya, Tíṣà kò ní lọ síbi tí ìjọba pe ènìyàn sí. Ohùn rẹ̀ yóò bo oko Monínúọlá, yóò bo ti òun náà mọ́ ọn. Ó yẹ kí òun lọ sọ fún un, ilé rẹ̀ kò jìnnà. Ṣùgbọ́n kí ló máa sọ? Pé ọwọ́ òun tí òun mọ̀ ti rán òun lọ tọrọ àwọ̀n? Ó ní òun á tètè dé. Ó ní bí òun bá dé kí ẹyẹ ìrọ̀lẹ́ tó dé, kò sí ẹni tó máa mọ̀ pé òun kúrò.

Ó kírun àsùbáà, ó wọ hìjáàbù tó fi máa ń lọ sóde, ó sì gun ọ̀kadà kí ojú tó mọ́ dáadáa. Kò gba ọ̀nà tó kọjá lẹ́bàá àkùrọ̀.

Gbọ̀ngàn tí wọ́n pè wọ́n sí kún kí oòrùn tó gbóná. Àgbẹ̀ wá láti gbogbo ìlú tó yí Adó ká. Wọ́n ní kí wọ́n jókòó, wọ́n jókòó. Wọ́n ní ẹni tí yóò pín in ń bọ̀. Ọ̀rọ̀ náà kò yàtọ̀ sí èyí tí Sìmíátù ti gbọ́ nígbà kan, ohùn tó sọ ọ́ kò sì yàtọ̀ púpọ̀. Ó rí gèlè Monínúọlá níwájú lọ́hùn-ún, ó sì fà sẹ́yìn, ó lọ jókòó lẹ́yìn òpó.

Ẹnìkan ti wà lẹ́yìn òpó náà. Ó fa fìlà rẹ̀ bo iwájú orí, ṣùgbọ́n ó wúkọ́, kò sì sí bí ènìyàn ṣe lè gbọ́ ikọ́ ẹnìkan lójoojúmọ́ lóko kó má mọ̀ ọ́n.

"Tíṣà."

Bàbá náà yíjú. Ó wò ó fún ìgbà díẹ̀ bí ẹni tí ń ka ohun tí wọ́n kọ sára ògiri.

"Ìyá Nafeesah."

"Ta ló wà lóko?"

"Ìwọ," ni Tíṣà wí. "Ìwọ lo wà lóko. O ní ọwọ́ rẹ lo mọ̀."

"Ẹ̀yin lẹ ní ẹni tó bá gbójú lé ìjọba, ojú kan náà ló ṣì wà."

"Mo mọ ohun tí mo sọ."

Ẹnìkan ń dán ẹ̀rọ gbohùngbohùn wò níwájú, ó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i. Sìmíátù dúró de ìgbà tí àyà rẹ̀ yóò já. Kò já. Ohun kan kàn bẹ̀rẹ̀ sí í tutù láti àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ bọ̀ lókè, bí ìgbà tí ènìyàn bá dúró pẹ́ nínú omi àkùrọ̀.

"Ohùn mi ti lọ," ni Tíṣà wí, bí ẹni tí wọ́n bi léèrè. "Ó ti pẹ́ díẹ̀ tó ti ń lọ, àríyànjiyàn wa yẹn ló parí rẹ̀. Bí mo bá lanu láti pariwo lẹ́ẹ̀mejì, afẹ́fẹ́ ló ń jáde nígbà kẹta. Agolo ni mò ń fà tí ẹ rò pé èmi ni. Mo ní bí mo bá rí àwọ̀n gbà, n kò ní sọ fún ẹnikẹ́ni ibi tí mo ti rà á."

"Kí ló dé tí ẹ kò sọ fún mi?"

"Kí ló dé tí ìwọ náà ò sọ fún mi?"

Ibẹ̀ ni Monínúọlá ti bá wọn. Omi inú ọ̀rá ló wá rà fún ọmọ rẹ̀. Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín nígbà tó rí Sìmíátù, ó sì fẹ́ fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Lẹ́yìn náà ló rí Tíṣà. Ẹ̀rín náà ṣì wà lójú rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, nítorí pé kò tíì ráyè mú un kúrò.

"Ẹ̀yin méjèèjì?"

Ó fún ọmọ ní omi, òun náà mu ìyókù, ó sì ká ọ̀rá náà wẹ́wẹ́ títí ó fi kéré ju èékánná lọ.

"Ó dáa," ló wí. "Ó dáa bẹ́ẹ̀."

"Monínúọlá, bí a bá lọ nísinsìnyí," ni Sìmíátù wí, "ẹyẹ òwúrọ̀ ti jẹ tiwọn, ṣùgbọ́n a lè bá ti ìrọ̀lẹ́."

"Ẹ máa lọ nígbà náà, mà."

"Ìwọ ńkọ́?"

"Èmi sọ ibi tí mò ń lọ. Mo sọ ọ́ fún yín, ẹ sì dá mi lóhùn. N óò gba àwọ̀n mi."

Sìmíátù dìde. Ó kọjá láàárín àwọn ènìyàn títí ó fi dé ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn. Àwọn ọlọ́kadà wà níta lábẹ́ igi, ọ̀kan ti ń wò ó, ó ti ń ta kẹ̀kẹ́ rẹ̀ jí. Nígbà náà ni wọ́n kéde lẹ́yìn rẹ̀ pé àlejò tí wọ́n ń retí ti wọ ìlú, àti pé ẹni tó bá jáde kò ní padà wọlé. Ó dúró síbẹ̀, ẹsẹ̀ kan nínú ilé, ẹsẹ̀ kan níta. Oko tí ẹyẹ wà nínú rẹ̀ ń dúró dè é ní apá kan, àwọ̀n ń dúró dè é ní apá kejì. Lẹ́yìn náà ó padà, ó sì jókòó. Títí di òní, kò lè sọ ìdí rẹ̀. Bóyá nítorí pé ìjókòó ti mọ́ ọn lára láti ìgbà àìsàn ọkọ rẹ̀ ni.

Àlejò náà dé nígbà tí oòrùn ti yẹ̀. Ọkùnrin tí ara rẹ̀ mọ́ ni, ohùn rẹ̀ sì dùn. Ó kí wọn, ó ní àgbẹ̀ ni ọba. Ó ní ìjọba kò lè ṣe gbogbo rẹ̀, kí kálukú ta gìrì, nítorí ẹni tó bá jókòó tí ó ń retí ìrànlọ́wọ́, ìṣẹ́ yóò bá a níbi tó jókòó sí. Àwọn ènìyàn tó ti jókòó láti àárọ̀ pàtẹ́wọ́ fún un. Bí ẹni pé ọ̀rọ̀ Tíṣà ni àlejò náà jí sọ, ṣùgbọ́n ọwọ́ Tíṣà wà lórí orúnkún rẹ̀, kò sì gbé e.

Obìnrin òṣìṣẹ́ kan ló ń pín àwọ̀n náà. Ojú rẹ̀ fi hàn pé òun náà kò tíì jẹun. "Ẹ má bínú," ni ó ń sọ fún ẹni kọ̀ọ̀kan tó bá dé iwájú rẹ̀. "Èyí tó dé kò tó. Àwọn tó bá pààlà ni kí wọ́n jọ gba ẹyọ kan. Ta ni alábàáààlà yín?"

Sìmíátù ń tún hìjáàbù rẹ̀ ṣe. Tíṣà ń wo ilẹ̀. Monínúọlá ló dáhùn pé, "Àwa mẹ́ta ni."

Wọ́n gbé àwọ̀n fún wọn. Ayàwòrán kan ní kí wọ́n dì í mú lẹ́gbẹ̀ẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí wọ́n wo òun. "Ẹ rẹ́rìn-ín díẹ̀, ẹ̀yin òbí mi. Bàbá, ẹ gbé fìlà sókè." Tíṣà gbé fìlà sókè. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Àwòrán náà dára, wọ́n ní. Sìmíátù kò rí i rí.

Ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n dé àkùrọ̀. Ẹyẹ ń gbéra lọ sùn nígbà náà, ọ̀wọ́ tẹ̀ lé ọ̀wọ́, wọn kò sì kánjú. Láti ojú ọ̀nà ni Sìmíátù ti mọ̀, kò ní láti wọ inú oko. Ìrẹsì tó bá wúwo a máa tẹrí ba. Ní òwúrọ̀ àná, gbogbo oko ló tẹrí ba. Ní ìrọ̀lẹ́ yẹn, ìrẹsì wọn dúró ṣánṣán, ó nà tàntàn, ó sì ń jó nínú afẹ́fẹ́ bíi koríko tí kò ru nǹkan kan.

Ó wọ inú rẹ̀ lọ. Ó fọwọ́ kan ṣírí kan, ó fọwọ́ kan òmíràn. Fúlẹ́fúlẹ́ ni gbogbo wọn. Agolo rẹ̀ wà lórí okùn níbi tí ó fi í sí. Ó fà á lẹ́ẹ̀kan, ó dún, kò sì sí ẹyẹ tó fò nítorí pé kò sí ohun tó tún lè dá ẹyẹ dúró níbẹ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni ó ti gbọ́ Tíṣà tó ń wúkọ́, kò sì wẹ̀yìn.

Kò jẹ́ pé gbogbo rẹ̀ ló lọ. Lábẹ́ pẹpẹ Sìmíátù, níbi tí téèpù ti pọ̀ jù, ìwọ̀nba kan ṣì tẹrí ba. Ní igun oko Monínúọlá náà, lẹ́bàá ọ̀nà tí ọ̀kadà ti ń kọjá, ìwọ̀nba kan ṣẹ́kù. Ti Tíṣà ló tán pátápátá. Àwọ̀n náà kò lè bò ju ibì kan lọ.

Monínúọlá jókòó sórí ebè, ó ń fún ọmọ lọ́yàn. Kò wo ẹnikẹ́ni nínú wọn. "Ẹ ta á sórí tiyín, Ìyá Nafeesah," ló wí. "Ẹ̀yin lẹ ní ìsọ̀ tí ẹ fẹ́ padà sí."

Sìmíátù gbé àwọ̀n náà. Ó wúwo ju bí ó ṣe rò lọ. Ó wọ́ ọ kọjá pẹpẹ tirẹ̀, ó kọjá ààlà, ó dé igun ẹ̀bá ọ̀nà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í so etí rẹ̀ mọ́ ọ̀pá. Tíṣà wá di apá kejì mú láìsọ̀rọ̀.

"Kí lẹ ń ṣe?"

"Mo ní n óò fohùn bò ọ́."

"Ohùn kọ́ nìyẹn, mà. Àwọ̀n nìyẹn."

"Ohun tí mo ní nìyẹn," ni Sìmíátù wí, ó sì so ìkejì.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé inú rẹ̀ dùn nígbà tó ṣe é. Inú rẹ̀ kò dùn, kò sì bàjẹ́. Ó so ó bí ẹni tí ń so ẹrù tí kì í ṣe tirẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó gun pẹpẹ, ó pariwo lórí ìwọ̀nba tirẹ̀ tó ṣẹ́kù. Ẹyẹ tún jẹ díẹ̀ nínú rẹ̀. Nígbà ìkórè, èyí tó kó wálé gba inú àpò kan, àpò náà kò sì kún.

Ó pe Morẹ́nikẹ́. "Fún ẹlòmíràn ní ìsọ̀ náà," ló wí.

"Kí ló ṣẹlẹ̀ sí ìrẹsì?"

"Ẹ̀ga jẹ ẹ́."

"Gbogbo rẹ̀? Níbo lo wà?"

"Mo lọ gba àwọ̀n."

Morẹ́nikẹ́ ṣe àdúrà fún un. Ẹni tó ń ta ike ló wà ní ìsọ̀ náà báyìí. Nígbà tí Sìmíátù bá lọ wo Nafeesah ní Adó, ó máa ń gba Ọjà Ọba kọjá nítorí pé ọ̀nà ibẹ̀ ló yá jù. Ó ti ra abọ́ ìfọṣọ kan lọ́wọ́ oníke náà rí. Ó ná an bí wọ́n ṣe ń ná ọjà, ó san owó rẹ̀, ó sì lọ.

Ní Ìgbẹ́mọ, wọ́n fi ọ̀rọ̀ wọn ṣe àríyànjiyàn fún ìgbà pípẹ́. Àwọn kan ní ìjọba ló fà á, pé ta ló ń pe àgbẹ̀ kúrò lóko ní àkókò ẹyẹ, ṣé wọn ò lè gbé àwọ̀n wá bá wọn ni. Àwọn mìíràn ní àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló fọwọ́ ara wọn fà á, pé ojú kòkòrò ni, ìjọba kò sì so wọ́n lókùn lọ. Nígbà tí wọ́n bá bi Tíṣà, ó ń gbọn orí. Ó ti ṣíwọ́ láti máa bá ènìyàn jiyàn. Nígbà tí wọ́n bá bi Sìmíátù, ohun tó sọ fún Morẹ́nikẹ́ náà ló ń sọ fún wọn, pé ẹ̀ga jẹ ẹ́.

Wọ́n tún gbin ìrẹsì ní ọdún tó tẹ̀ lé e, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Àwọ̀n náà ti ya lójú kan, wọ́n ti fi okùn ọ̀rá gán an. Tíṣà kì í pariwo mọ́. Fèrè tí olùdarí eré bọ́ọ̀lù máa ń fọn ni ó rà, ẹyẹ sì bẹ̀rù rẹ̀ díẹ̀. Bí oòrùn bá ti fẹ́ wọ̀, tí ọ̀wọ́ ìkẹyìn bá ti lọ, kálukú á sọ̀ kalẹ̀ láti orí pẹpẹ, wọ́n á sì pàdé lójú ààlà. Monínúọlá ló máa ń bi wọ́n. Kò sí ẹni tó sọ pé kó máa bi wọ́n, kò sì sí ẹni tó sọ pé kó má bi wọ́n.

"Tíṣà, lọ́la ńkọ́?"

Tíṣà á fọn fèrè lẹ́ẹ̀kan.

"Ìyá Nafeesah, lọ́la ńkọ́?"

"Mo wà níbẹ̀."

Ọmọ Monínúọlá ti ń rìn báyìí, á máa fa ìró rẹ̀ pé kí wọ́n máa lọ sílé. Monínúọlá kò ní tíì lọ. Á tún wo ojú Sìmíátù.

"Lọ́la ńkọ́, mà?"

"Mo wà níbẹ̀," ni Sìmíátù á tún wí. Nígbà náà ni wọ́n á tó lọ sílé.